Ilé Ńkọ́, Oko Ńkọ́? Àríwísí Lórí Ìbéèrè "Ìlú Tàbí Abúlé"

Tí ẹ bá ti kọ́ èdè Yorùbá dé ọdún kejì ní yunifásítì, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti pàdé ìbéèrè yìí: "Ibo lo fẹ́ràn láti gbé, ìlú ńlá ni àbí abúlé?" Olùkọ́ á kọ ọ́ sára pátákó, á ní kí ẹ kọ àròkọ olójú-ewé kan. Ẹni tó fẹ́ràn ìlú á kọ nípa iná mànàmáná, ilé sinimá, ọjà ńlá àti iṣẹ́ olówó gọbọi. Ẹni tó fẹ́ràn abúlé á kọ nípa atẹ́gùn tútù, iṣu tuntun àti ìdákẹ́jẹ́. Olùkọ́ á wo gírámà, á wo àmì ohùn, á fi máàkì sí i. Ó parí.

Nílé náà, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì. Àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń jiyàn lé e lórí ní gbangba: "Ayé ìlú dára ju ayé oko lọ." Ẹgbẹ́ kan á gbè é lẹ́yìn, ẹgbẹ́ kejì á takò ó, àwọn adájọ́ á sì sọ ẹni tó borí. Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan níbẹ̀. Nínú kíláàsì tiwa, "ìlú" àti "abúlé" la máa ń fi wé ara wọn. Nílé, "ìlú" àti "oko" ni. Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí. Ìbéèrè inú kíláàsì yẹn, ohun tó wu èèyàn ló ń béèrè, bí ìgbà tí wọ́n bá ní ṣé tíì lo máa mu àbí kọfí. Ohun tí èdè Yorùbá fi ń béèrè yàtọ̀: Níbo ni ilé rẹ? Níbo ni oko rẹ? Ìbéèrè méjèèjì yìí jinlẹ̀ ju ti kíláàsì lọ. Ṣùgbọ́n àwọn náà ní àléébù tiwọn, àléébù náà sì kan àwa tí wọ́n bí sí òkè òkun gan-an.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ palẹ̀

Ká tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ ká wo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dáadáa, torí pé ìwé atúmọ̀ èdè kì í sọ gbogbo ẹ̀ fún wa.

Ilé ni ibi tí èèyàn ń sùn, òótọ́ ni. Àmọ́ ilé tún ni agbo-ilé, ìyẹn gbogbo ẹbí tó ti ọ̀dọ̀ baba ńlá kan wá. Ilé tún ni ìlú tí ẹbí ẹni ti ṣẹ̀ wá. Ọkùnrin kan lè wà nínú ilé tó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ní Ìkẹjà, kó jókòó sórí àga tirẹ̀, kó wá sọ fún ọ pé, "Mò ń lọ sílé lọ́dún Kérésìmesì." Ilé wo? Ìlá Ọ̀ràngún ni, tàbí Ìkàrẹ́, tàbí Ṣakí. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ọ̀rọ̀ yẹn máa rú lójú.

Ìlú kì í ṣe ọ̀rọ̀ títóbi nìkan. Ibi tó ní ọba, tó ní ọjà, tó ní ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ dó, ìlú ni, bó ti wù kó kéré tó. Oko ni ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ tí a fi ń jẹun. Oko etílé wà nítòsí, a lè lọ láàárọ̀ ká dé lálẹ́. Oko ẹgàn jìnnà, ẹni tó bá lọ síbẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ ahéré sóko, ìyẹn ilé kékeré tí àgbẹ̀ ń sùn sí. Tí ahéré bá pọ̀ sí i, ó di abà tàbí abúlé. Abúlé kì í sábà dá dúró: ó ní ìlú tó ń wò bí ilé.

Òwe kan wà tó kó gbogbo ẹ̀ pọ̀: ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Ẹ rò ó wò. Òwe náà kò sọ pé ilé dára ju oko lọ. Kò sì sọ pé oko burú. Ó sọ pé oko ni a ń lọ, ilé ni a ń bọ̀ sí. Àlọ àti àbọ̀ ni, kì í ṣe yálà èyí tàbí ìyẹn. Tí a bá wá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀kan sọ ìkejì nù, a ti gé òwe náà sí méjì.

Ohun tí Bascom rí, àti ohun tí kò bi ara rẹ̀

Ní 1955, William Bascom, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà tó ti ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú American Journal of Sociology. Àkọlé rẹ̀ ni "Urbanization among the Yoruba". Nínú ìwé yìí kan náà ni Louis Wirth ti kọ ọ́ ní 1938 pé nǹkan mẹ́rin ló ń sọ ibì kan di ìlú ńlá: kó tóbi, kí èrò pọ̀ lójú kan, kó jẹ́ ibi tó fìdí múlẹ̀, kí onírúurú èèyàn sì wà níbẹ̀.

Àwọn kan ń sọ nígbà náà pé ìlú Yorùbá kì í ṣe ìlú ní tòótọ́, pé abúlé tó kàn tóbi ni, torí pé àgbẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bascom kò gbà. Ó ní àwọn Yorùbá ti ń gbé ìlú ńlá kí Òyìnbó tó dé. Ẹ wo ètò ìkànìyàn 1952: ní Ìbàdàn, àwọn èèyàn lé ní 459,000, nígbà tí ti Èkó lé díẹ̀ ní 267,000. Èkó tó jẹ́ olú-ìlú ìjọba amúnisìn nígbà náà kò tó ìlú tí àwọn Yorùbá fúnra wọn dá sílẹ̀ láyé ogun, ní nǹkan bí ọdún 1829. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin Ìbàdàn, àgbẹ̀ ni wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ilé wọn wà nígboro, oko wọn ló wà lẹ́yìn odi.

Iṣẹ́ ńlá ni Bascom ṣe, ó sì yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe àríwísí méjì. Àkọ́kọ́, òṣùwọ̀n Wirth ló gbé lọ́wọ́ tó fi ń gbèjà wa. Ó ń wá bó ṣe máa fi hàn pé Ìbàdàn tẹ̀ wọ̀n nínú òṣùwọ̀n tí wọ́n ti fi ìlú ẹlòmíràn ṣe. Kò bi ara rẹ̀ pé, òṣùwọ̀n wo ni àwọn ará Ìbàdàn fúnra wọn ń lò? Ká ní ó béèrè ni, ó ṣeé ṣe kí "ilé àti oko" jẹ́ ìdáhùn tó máa gbọ́.

Èkejì, Bascom sọ pé àwọn ará ìlú máa ń fi àwọn ará oko ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu àti nínú òwe, bí àwọn ará ìlú ńlá Amẹ́ríkà náà ṣe máa ń ṣe. Òótọ́ ni. Títí dòní, tí wọ́n bá pe èèyàn ní "ará oko", inú rẹ̀ kò ní í dùn. Ṣùgbọ́n ta ni ará oko yìí? Ní Ìbàdàn, ọmọ agbo-ilé kan náà ni pẹ̀lú ẹni tó ń bú u. Ẹni tó ń ro oko kòkó lọ́sẹ̀ yìí lè wà nígboro lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí òkú àgbà bá kú tàbí tí ọdún bá dé. Nítorí náà, yẹ̀yẹ́ ará oko kì í ṣe yẹ̀yẹ́ àjèjì, yẹ̀yẹ́ ọmọ ìyá ẹni ni. Ibi tó yẹ kí Bascom ti tẹ̀ síwájú gan-an nìyẹn, ibẹ̀ ló sì ti fi í sílẹ̀.

Ìlú ni oko wa

Ní 1978, Dan Aronson gbé ìwé kan jáde nípa ìdílé méje tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n fi ilé sílẹ̀ lọ ń gbé Ìbàdàn. Àkọlé ìwé náà ni The City Is Our Farm. Ní èdè wa, "Ìlú ni oko wa". Lójú tèmi, àkọlé yìí nìkan tó kíláàsì kan kọ́.

Ẹ wò ó. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ń gbé ìlú tó tóbi ju ìlú tí wọ́n ti wá lọ dáadáa. Bí a bá bi wọ́n ní ìbéèrè inú ìwé wa, a ó ní ìlú ńlá ni wọ́n yàn. Àmọ́ bí Aronson ṣe gbé e kalẹ̀, oko ni Ìbàdàn. Ìjẹ̀bú, tó kéré ju Ìbàdàn lọ, òun ni ilé. Ìyẹn ni pé "oko" kì í ṣe ibi tí koríko wà. Oko ni ibi tí èèyàn ti ń làágùn kó tó lọ jẹun nílé.

Tí a bá ti mọ èyí, oríṣiríṣi nǹkan á yé wa. Ó yé wa ìdí tí ọkọ̀ fi máa ń dí lójú ọ̀nà tó jáde kúrò ní Èkó lóṣù Kejìlá. Ó yé wa ìdí tí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ fi wà níbi gbogbo tí Yorùbá bá ti pọ̀. Ó yé wa ìdí tí ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé Èkó, tàbí London, tàbí Houston, fi máa ń náwó rẹpẹtẹ láti wọ aṣọ ẹgbẹ́ ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́jọ́ kẹta ọdún Iléyá. Àgbẹ̀ tó bá kórè, ilé ló ń gbé e bọ̀, kí àwọn ará ilé lè rí i.

Àléébù ọ̀rọ̀ náà

Ó dáa. Ṣé ká wá sọ pé ìdáhùn Yorùbá ló tọ̀nà, ti kíláàsì ni kò tọ̀nà? Ẹ má tíì yára. Ìdí mẹ́ta wà tí n kò fi lè gbà á bẹ́ẹ̀.

Ìdí kìíní: tí Èkó bá jẹ́ oko fún gbogbo èèyàn, ta ni Èkó jẹ́ ilé fún? Àwọn èèyàn máa ń sọ pé Èkó kì í ṣe ti ẹnì kankan. Inú àwọn ọmọ Èkó kì í dùn sí i, wọ́n sì jàre. Ẹ rántí Amodu Tijani, Olóyè Oluwa, ọ̀kan lára àwọn ìjòyè Ìdéjọ tí wọ́n ń dé fìlà funfun. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ẹbí rẹ̀ ní Àpápá, ó pe ẹjọ́ títí dé Privy Council ní London, ó sì jàre ní 1921. Ẹni tó bá ń sọ pé Èkó kò ní onílé, kí ó lọ ka ìdájọ́ yẹn. Oko rẹ lè jẹ́ ilé ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn láti sọ ni, àmọ́ ó máa ń ṣòro láti rántí.

Ìdí kejì: ọ̀rọ̀ "ilé àti oko" dùn létí bí ẹni pé àárín wọn dán mọ́rán nígbà gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn àti àwọn ìlú mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn dìde sí ìjọba. Àgbẹ̀kọ̀yà ni wọ́n pe ara wọn, Tafa Adeoye sì jẹ́ olórí pàtàkì láàárín wọn. Owó orí tó wọ̀ wọ́n lọ́rùn, owó kòkó tí kò tó nǹkan, àti ìyà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló sún wọn kan ògiri. Wọ́n wọ ìgboro Ìbàdàn. Ní 1969, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìlú tí wọ́n ń pè nílé ló ń kó owó wọn, tí kò sì la ọ̀nà dé oko wọn. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé "ìdákẹ́jẹ́ wà ní abúlé", kó fi èyí sí i.

Ìdí kẹta: àbọ̀ kì í fi gbogbo ìgbà wà. Sara Berry kọ ìwé kan ní 1985, Fathers Work for Their Sons, nípa àwọn àgbẹ̀ kòkó àti àwọn ọmọ wọn. Ohun tó fi hàn ni pé owó kòkó kì í padà sínú oko: ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ló ń bá lọ, àti òwò, àti iṣẹ́ mìíràn. Baba ń ro oko kí ọmọ má baà ro oko. Kí ló dé lẹ́yìn náà? Ọmọ di akọ̀wé nílùú ńlá, oko náà di ti àwọn àgbàlagbà. Ilé tí wọ́n sì kọ́ sílé lè wà ní títì pa fún oṣù mọ́kànlá nínú ọdún, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ilé tí kò sẹ́ni tó ń sùn síbẹ̀, ṣé àbọ̀ ìsinmi ni, àbí ohun tí a fi ń yangàn?

Ibi tí kì í ṣe ìlú, tí kì í ṣe oko

Ibì kan tún wà tí àríyànjiyàn ilé ìwé kì í dé rárá. Ẹ bá mi wo ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Tí ẹ bá kúrò ní Èkó, ẹ máa kan Ibafo, ẹ máa kan Mowe. Ìpínlẹ̀ Ògùn nibẹ̀, kì í ṣe Èkó. Oko àti abúlé ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ Èkó ló ń gbé ibẹ̀, torí pé owó ilé Èkó ti ga jù fún wọn. Wọ́n á jí kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á wọkọ̀ lọ sí Èkó, ilẹ̀ á ṣú kí wọ́n tó dé.

Kí la máa pe irú ibẹ̀ yẹn ní Yorùbá? Ìwé atúmọ̀ èdè lè sọ pé "ìgbèríko", àmọ́ tí ẹ bá gbọ́ ọ lórí rédíò, àwọn abúlé tí kò ní ọ̀nà tó dáa ni wọ́n sábà máa ń fi pè. Kì í ṣe ìlú ní ìtumọ̀ àtijọ́, kì í sì í ṣe oko mọ́, torí pé ilé ló ti gba orí ilẹ̀ náà. Ó yí òwe wa po: wọ́n ń sùn síbi tó jẹ́ oko, wọ́n ń lọ ṣiṣẹ́ síbi tó jẹ́ ìlú. Tí ẹ bá sì bi wọ́n pé níbo ni ilé, wọn kò ní í dárúkọ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ilẹ̀ ni wàhálà irú ibẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, àmọ́ ọmọ onílẹ̀ ṣì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé. Fíìmù Túndé Kèlání kan wà, Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, tó jáde ní 1993. Nínú rẹ̀, àwọn ìjòyè kan lẹ̀dí àpò pọ̀, wọ́n ta ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé epo sórí ẹ̀, ikú sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń wò ó bí fíìmù apanilẹ́rìn-ín, torí Kareem Adepoju, Bàbá Wándé, tó ṣe Ọ̀tún níbẹ̀. Ó pa wá lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀ dáadáa: ilé epo. Ohun tí ọkọ̀ tó ń kọjá lọ nílò ni. Fíìmù náà kò bi wá bóyá ìlú ńlá dára tàbí kò dára. Ó ń bi wá pé, ta ló ní àṣẹ láti ta ibi tí òkú wa sùn sí? Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó wà nínú ìwé wa.

Àwa ọmọ tí wọ́n bí sóko

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó wá kàn wá wàyí. "Ìlú Òyìnbó" là ń pe ibi tí a wà. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní "oko Òyìnbó". Àmọ́ ẹ wo bí ọ̀pọ̀ òbí ṣe ń lò ó. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, wọ́n ń ṣiṣẹ́ òru. Wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Wọ́n ń kọ́lé sí ìlú tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta. Gbólóhùn tí ọ̀pọ̀ nínú wa sì gbọ́ dàgbà ni, "Nígbà tí a bá padà sílé." Oko ni Peckham, oko ni Houston, oko ni Toronto.

Nǹkan kan ni wọn kò rò tán: wọ́n bímọ sóko. Ọmọ yẹn kò mọ̀ pé oko lòun wà. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí a ṣe ń rìn, ibẹ̀ làwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà. Tí bàbá bá sọ pé "ilé", Ìjẹ̀bú-Òde ló ní lọ́kàn. Tí ọmọ bá sọ pé "ilé", ibi tí bọ́ọ̀sì ilé ìwé ń já a sí ló ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ kan náà, ibi méjì. Ìjà tó bá wá ṣẹlẹ̀ láàárín wọn, wọn kò ní í mọ̀ pé ìjà ọ̀rọ̀ ni. Bàbá á ní ọmọ kò mọ ilé. Ọmọ á ní bàbá kò fẹ́ràn ilé.

Ṣé oko lè di ilé? Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Bahia ní Brazil, níbi tí àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú ti fi ẹ̀sìn òrìṣà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn. Ní Salvador, orúkọ ilé òrìṣà kan tó lókìkí ni Ilê Axé Opô Afonjá. Mãe Aninha ló dá a sílẹ̀ ní 1910, ní São Gonçalo do Retiro, tó jẹ́ ẹ̀yìn ìlú nígbà náà. Ilé ni orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe rí i. Àmọ́ àwọn onícandomblé tún máa ń pe irú ilé òrìṣà bẹ́ẹ̀ ní roça ní èdè Potogí. Ìtumọ̀ roça ni oko. Ojú kan náà ń jẹ́ ilé, ó ń jẹ́ oko, kò sì sẹ́ni tó bá a jà. Àwọn tí kò lè padà sílé mọ́ sọ oko di ilé, wọ́n gbin igi òrìṣà síbẹ̀, wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ láti ìran dé ìran.

Títọ́jú yẹn ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Oko tí a kò bá ro, igbó ni yóò dà. Àgbẹ̀ mọ èyí. Àmọ́ nígbà tí a sọ pé "ìlú ni oko wa", a mú ìkórè nínú ọ̀rọ̀ náà, a fi ríro sílẹ̀. À ń kórè ní Èkó, à ń kórè ní London, àmọ́ a kì í lọ sí ìpàdé àdúgbò, a kì í mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, a kì í dìbò fún ìgbìmọ̀ ilé ìwé tí ọmọ wa ń lọ. A ní ibẹ̀ kì í ṣe ilé. Bẹ́ẹ̀ ọdún ọgbọ̀n ti lọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìdáhùn Yorùbá ti kù díẹ̀ káàtó, ibẹ̀ náà ló sì ti yẹ ká tún un ṣe. Kì í ṣe pé ká gbàgbé ilé. Ẹni tó bá pe ibì kan ní oko, kó mú ọkọ́ dání.

Nítorí náà, mo fẹ́ dá àbá kan fún àwọn olùkọ́ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí ìbéèrè yẹn padà. Ẹ má bi wá mọ́ pé ibo la fẹ́ràn. Ẹ bi wá pé: Ibo ni àwọn òbí rẹ ń pè nílé, ibo ni ìwọ náà ń pè nílé, kí ló sì dé tí ìdáhùn méjèèjì fi rí bí wọ́n ṣe rí? Ta ló ń ro ibi tí ò ń gbé, ta ló ń jẹ ohun tó so níbẹ̀? Àròkọ tó máa jáde níbẹ̀ lè ní àṣìṣe gírámà o. Ṣùgbọ́n a máa ní láti fi fóònù pe ìyá àgbà ká tó lè kọ ọ́, Yorùbá la sì máa fi bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ rí sí i? Ẹ kọ èrò yín ránṣẹ́ sí wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kò gbà pẹ̀lú mi. Ó dìgbà kan ná.